Ẹ Bi Wá: Ta Ló Ń Gbé Ọ̀rọ̀ Kọjá Nígbà Tí Ìbọn Bá Ń Dún?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lóṣù tó kọjá la ní kẹ́ ẹ bi wá ní ohunkóhun tó bá ń jẹ yín lọ́kàn nípa àwọn aṣojú ìjọba, ìyẹn àwọn ańbásádọ̀ àtàwọn tí wọ́n máa ń rán níṣẹ́ ìlàjà tógun bá dé. Mo rò pé ìbéèrè méjì mẹ́ta ló máa wọlé, kí n dáhùn kíá kí n lọ jẹun. Àṣé ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú yín tipẹ́! Ìbéèrè wọlé, èébú náà wọlé, arákùnrin kan tiẹ̀ fi ohùn oníṣẹ́jú mọ́kànlá ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, mo jókòó gbọ́ ọ tán, ìyàwó ẹ̀ ló ń bá jà nínú ìdajì ẹ̀, mi ò sì tíì mọ ohun tó fẹ́ bi wá títí di ìsinsìnyí. Èyí tápá mi ká rèé.

Bàbá kan láti Mókọ́lá, Ìbàdàn: Ẹ má bínú o, kí gan-an niṣẹ́ àwọn ańbásádọ̀ yìí tógun bá dé? Gbogbo ìgbà tí mo bá tan tẹlifíṣọ̀n, mo máa ń rí wọn nínú kóòtù dúdú, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń mu tíì, àwọn ọmọ ọlọ́mọ sì ń kú. Ṣe bí sójà ló ń parí ogun.

Bàbá, mi ò bínú rárá. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bi yín ní kiní kan: ẹni tẹ́ ẹ bá lù dákú, tó bá jí, ta ló máa lọ bá a sọ̀rọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lù ú? Kò ní dá yín lóhùn. Kó tó di pé ó dákú pàápàá, tó bá fẹ́ juwọ́ sílẹ̀, ta ló máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ tí ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Àwọn baba wa ní tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo máa ń rò pé ikọ̀ ọba kan ló pa òwe yẹn. Torí ọba tínú bá ń bí lè ní, "Lọ sọ fún ẹni yẹn pé n ó sun ìlú ẹ̀." Ikọ̀ tó gbọ́n á dé ọ̀hún, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní, "Kábíyèsí ní ká kí yín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ti ń wúwo lọ́kàn àwọn, àwọn ò sì fẹ́ kó débi tí èèfín á fi máa rú." Kò purọ́. Ẹni tó gbọ́ ọ náà mọ̀ pé wọ́n fẹ́ sun ìlú òun ni. Ṣùgbọ́n ó ṣì ráyè fèsì láìtẹ́ lójú àwọn ìjòyè ẹ̀, àyè kékeré yẹn sì ni gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ìbàdàn ló tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ máa sọ ìtàn yìí fún wa. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò tán pátápátá títí di 1893, ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko. Ìbàdàn lápá kan, Èkìtì Parapọ̀ lápá kejì, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ló para pọ̀ tí Ògèdèngbé Ìlẹ́ṣà ń ṣe balógun wọn. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìgbájọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé rí á mọ àwọn òkè tí mò ń wí, àárín àwọn òkè yẹn ni bùdó méjèèjì ti dojú kọra wọn, ìró ìbọn ńlá tó ń dún kírìjì, kírìjì tí òkè ń gbà á lẹ́nu ara wọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ débi pé bùdó di ìlú, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ààrẹ Látòòṣà tó kó ọmọ ogun Ìbàdàn jáde kú sí bùdó ní 1885, kò fojú kan ilé mọ́.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè borí, kò sì sẹ́ni tó lè kúrò. Bí Ìbàdàn bá di ẹrù, Èkìtì lè gbá tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Bí Èkìtì bá kọ́kọ́ kúrò, ta ló fi dá wọn lójú pé Ìbàdàn ò ní tún kó àwọn ìlú wọn? Sójà ò lè yanjú irú nǹkan báyìí láéláé, torí ẹ̀rù tí kálukú ń bà ló so wọ́n mọ́lẹ̀, ìbọn sì ni ẹ̀rù ọ̀hún fi ń jẹun.

Aláàfin Adéyẹmí ti kọ̀wé sáwọn Òyìnbó l'Ékòó ní 1881 pé kí wọ́n wá bá àwọn dá sí i, Samuel Johnson ló gbé ìwé náà lọ. Johnson yìí, Sàró ni, Hastings ní Sierra Leone ni wọ́n bí i sí ní 1846, ìran Aláàfin Abíọ́dún sì ni, òun kan náà ló kọ ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń tọ́ka sí títí dòní. Nígbà tó di 1886, Moloney tó jẹ́ gómìnà Èkó rán pásítọ̀ méjì jáde: Johnson lọ bá Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, Charles Phillips tó ti ń ṣiṣẹ́ l'Óndó lọ bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ẹ wo ọgbọ́n ibẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò rán ẹnì kan ṣoṣo? Èrò tèmi ni pé Èkìtì ò lè gbọ́kàn lé ẹ̀jẹ̀ Ọ̀yọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí bó ti wù kí ẹnu ẹ̀ dùn tó, Ìbàdàn náà á sì máa fojú sùn ẹni tó ti ń jẹun l'Óndó látọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí kálukú mọ̀ ni wọ́n rán sí i.

Iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Wọ́n á dé bùdó, wọ́n á kí gbogbo ìjòyè lọ́kọ̀ọ̀kan torí ẹni tí wọn ò bá kí ló máa ba ọ̀rọ̀ jẹ́, wọ́n á jókòó, wọ́n á gbọ́ ẹ̀dùn ọdún mẹ́wàá, ta ló kọ́kọ́ na ta ni, ìlú ta ni wọ́n jó, ìyàwó ta ni wọ́n kó lẹ́rú, wọn ò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀ ni wọ́n á tó béèrè pé, "Ó dáa, kí lẹ máa gbà?" Èyí tí wọ́n bá gbà, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀.

Lóṣù kẹfà 1886 ọ̀rọ̀ di ìwé l'Ékòó. Èkìtì Parapọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Ìbàdàn, wọ́n gba òmìnira. Ọ̀tan, Ìrèsì, Adá àti Ìgbájọ dúró sọ́dọ̀ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kúrò nínú àwọn ìlú náà lè kúrò. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n kéde àlàáfíà lójú ogun níbẹ̀, níwájú àwọn tí Èkó rán wá, kò sì pẹ́ sígbà náà tí wọ́n fi dáná sun bùdó. Ilé tí wọ́n ti gbé láti ọdún yìí wá, wọ́n sun ún fúnra wọn.

Ẹ má wá rò pé Òyìnbó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ o. Ọ̀nà tí epo àti ekuro ń gbà dé Èkó ló dí, owó ló ń dùn wọ́n. Nígbà tí gómìnà mìíràn tó ń jẹ́ Carter sì gòkè wá ní 1893, ìwé tóun gbé dání ju ti ìlàjà lọ, ẹ mọ bó ṣe parí. Ẹni tó bá ń làjà fún yín, ẹ máa wo ọwọ́ ẹ̀ kejì.

Ọmọ ilé ìwé gíga kan tó ń ka òfin, Ṣágámù: Tí orílẹ̀-èdè méjì bá ń jagun, ṣé wọn ò lè mú ańbásádọ̀ èkejì kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀? Kí ló tún dé tí wọ́n fi ń sọ pé wọn ò gbọdọ̀ ṣí báàgì ańbásádọ̀?

Òfin ò gbà á. Àdéhùn kan wà tí wọ́n ṣe ní Vienna ní 1961, gbogbo ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ sí i tán. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú aṣojú ìjọba tàbí tì í mọ́lé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ilé iṣẹ́ ẹ̀ láìgbàṣẹ, tí ọ̀rọ̀ bá sì burú débi ogun pàápàá, ìjọba tó gbà á lálejò gbọ́dọ̀ bá a wá ọkọ̀ tó máa gbé e kúrò bó bá nílò ẹ̀. Tí wọn ò bá fẹ́ rí i mọ́, wọ́n lè lé e lọ sílé, wọn ò tiẹ̀ ní láti ṣàlàyé. Ibi tí agbára wọn mọ nìyẹn.

Pé òfin ò gbà á ò ní kó má ṣẹlẹ̀ rí, ṣá. Ní oṣù kọkànlá 1979, wọ́n ya wọ ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Tehran, Amẹ́ríkà méjìléláàádọ́ta ni wọ́n há mọ́bẹ̀ fún ọjọ́ 444. Látìgbà tí ìbáṣepọ̀ Amẹ́ríkà àti Ìráànì ti já ní 1980, Switzerland ló ń bá Amẹ́ríkà mójú tó ọ̀rọ̀ wọn níbẹ̀. Òfin yẹn kan náà ló fàyè sílẹ̀ fún un: tẹ́ ẹ bá jà débi pé ẹ ò lè wojú ara yín mọ́, ẹ wá aládùúgbò kan tí kò bá ẹnikẹ́ni jà kó máa bá yín gbé ọ̀rọ̀ lọ. Èèyàn méjì tí ò bára wọn sọ̀rọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ máa ránṣẹ́, àgàgà tí bọ́ǹbù bá wà lọ́wọ́ wọn.

Ní ti báàgì, ìwé àti ẹrù ìjọba tí wọ́n bá fi èdìdì dì tí wọ́n kọ àmì sí lára, wọn ò gbọdọ̀ tú u. Àmì yẹn ló ṣe pàtàkì. Ní oṣù keje 1984, wọ́n jí Umaru Dikko gbé n'ílùú London, mínísítà ni tẹ́lẹ̀ lábẹ́ Shagari, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n kì í bọ inú àpótí onígi bí ẹja pánla, wọ́n gbé e dé pápákọ̀ òfurufú Stansted tí bàálù Nàìjíríà ti ń dúró. Ẹni tó ṣètò gbogbo ẹ̀ gbàgbé ìwé. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wò ó, wọn ò rí àmì tó yẹ kí báàgì ìjọba ní lára àpótí, wọ́n ní ká ṣí i, bí wọ́n ṣe rí Dikko nínú ẹ̀ nìyẹn tó dákú lọ fọnfọn. Ìbáṣepọ̀ àwa àti Bìrìtéènì ò gún fún bí ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀. Ìwọ tó ò ń ka òfin, fi síbi kan.

Ìyá kan, Ẹgbẹ́dá, Èkó: Àbúrò ọkọ mi wà lára àwọn sójà ECOMOG, ọmọ ogun alálàáfíà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lọ sí Liberia, kò padà bọ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún mi bí Ọbásanjọ́ ṣe wá gbé Charles Taylor fúnra ẹ̀ wá sí Calabar, tí wọ́n fún un nílé, tó ń jẹun. Ṣé ohun tí wọ́n ń pè ní dípúlọ́másì nìyẹn?

Ìyá mi, ẹ kú àfẹ́kù. Ọlọ́run á tu yín nínú, mo mọ̀ pé ó ti pẹ́, irú ẹ̀ kì í pẹ́ ṣá.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló bínú nígbà yẹn. Àwọn oníwèé ìròyìn náà bínú, torí ní 1990, Krees Imodibie àti Tayo Awotusin, akọ̀ròyìn Nàìjíríà méjì tó lọ gbé ìròyìn ogun náà, àwọn ọmọ ogun Taylor ló pa wọ́n. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ rí báyìí ni wọ́n fún ní bàálù àti gáàdì. Mi ò ní sọ fún yín pé kò dùn yín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo lè sọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 2003, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àlàáfíà n'ílùú Accra, Taylor tó jẹ́ ààrẹ Liberia nígbà náà wá síbẹ̀, Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar tiwa yìí ni alárinà àgbà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ilé ẹjọ́ pàtàkì fún Sierra Leone kéde pé àwọn ti fẹ̀sùn kan Taylor, kí Ghana mú un. Ẹ fojú inú wò ó. Ẹ pe èèyàn wá síbi ìlàjà, ó ti jókòó, ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn. Ghana ò mú un, ó wọ bàálù padà sí Monrovia lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní ìtìjú ńlá ni. Àwọn mìíràn ní tí wọ́n bá mú un, ta ló tún máa gbà láé pé kóun wá síbi ìpàdé àlàáfíà ní Áfíríkà? Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo rò ó bọ̀, ẹ̀yìn Ghana ni mo wà, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú ayọ̀.

Ìpàdé wá ń fà. Oṣù keje dé, àwọn olórí ọlọ̀tẹ̀ ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń jiyàn lórí ta ló máa jẹ mínísítà kí, bọ́ǹbù sì ń já lu àwọn èèyàn ní Monrovia. Àwọn obìnrin Liberia ló yanjú ẹ̀. Wọ́n ti wà níta láti ọjọ́ yìí wá nínú aṣọ funfun, Leymah Gbowee ló ṣíwájú wọn, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí pọ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, wọ́n fi apá kọ́ apá, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó wà nínú ilé yìí ò ní jáde títí wọ́n á fi ṣe nǹkan tó nítumọ̀. Gáàdì wá, wọ́n ní àwọn máa mú Gbowee. Ló bá tú gèlè ẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ.

Ìyá mi, mi ò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún yín. Obìnrin tó ti bímọ, tó bọ́ra sí ìhòòhò ní gbangba nítorí ìbínú, kò sílẹ̀ kan ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí tí wọn ò ti mọ ohun tíyẹn ń ṣe fún ọkùnrin tó bá wò ó. Gáàdì sá sẹ́yìn. Abdulsalami fúnra ẹ̀ ló jáde wá bẹ̀ wọ́n. Gbogbo àwọn tó ní káàdì lọ́rùn tí wọ́n kọ "aṣojú" sí lára wà nínú ilé, àwọn tí wọn ò pè ló wá ṣojú ìlú. Gbowee gba ẹ̀bùn Nobel àlàáfíà ní 2011, kò sì pọ̀ jù.

Nàìjíríà náà ti ní àwọn máa gba Taylor sílé tó bá kúrò lórí oyè. Ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ló gbé ìjọba sílẹ̀ níṣojú Kufuor, Mbeki àti Chissano, ó wọ bàálù wá sọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ 18, wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn àlàáfíà l'Accra. Ọjọ́ méje péré ló wà láàárín méjèèjì. Ohun tí Ọbásanjọ́ rà nìyẹn, ilé Calabar ló sì fi san owó ẹ̀.

Nígbà tí Ellen Johnson Sirleaf wọlé ní Liberia tó sì béèrè Taylor, Ọbásanjọ́ yọ̀ǹda ẹ̀ ní oṣù kẹta 2006. Taylor fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, wọ́n rí i mú ní Gamboru, lẹ́nu bodè Cameroon. Ọdún 2012 ni wọ́n rán an lẹ́wọ̀n àádọ́ta ọdún, Bìrìtéènì ló ti ń ṣe é. Àwọn kan ṣì ń sọ pé àdéhùn tí Nàìjíríà dà nìyẹn, pé apàṣẹ wàá tó bá tún kù lórí oyè níbì kankan ò ní gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ló kù tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀, ìyá mi, kò sì dáa kí n fi pamọ́: ẹjọ́ tí wọ́n dá fún un, torí ohun tó ṣe sí Sierra Leone ni. Ti Liberia, wọn ò tíì bá a ṣẹjọ́ ẹ̀.

Ọmọ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Peckham, London: Ará Tigray kan la jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ó ní Ọbásanjọ́ yín wà níbi tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní Pretoria, ṣùgbọ́n àwọn àbúrò òun ṣì wà ní bùdó àwọn tógun lé kúrò nílé. Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un.

Sọ fún un pé òótọ́ ló sọ. Ogun yẹn, tí ìjọba Ethiopia bá àwọn ọmọ ogun Tigray, ìpínlẹ̀ kan lápá àríwá Ethiopia, jà, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2020, ọ̀kan lára èyí tó pa èèyàn jù ní ayé nígbà náà, tẹlifíṣọ̀n ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ọbásanjọ́, Uhuru Kenyatta àti Phumzile Mlambo-Ngcuka ló làjà fún wọn lórúkọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá 2022, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ àwọn ọ̀gágun méjèèjì tún pàdé ní Nairobi láti ṣètò bí wọ́n ṣe máa kó ìbọn sílẹ̀. Ìbọn ńlá dákẹ́ lóòótọ́, oúnjẹ àti oògùn wọlé. Ṣùgbọ́n Eritrea tí sójà ẹ̀ wà nínú ogun náà ò sí lórí tábìlì, kò tọwọ́ bọ nǹkan kan. Ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Tigray, ta ló ni ín? Ìwé ní kí wọ́n yanjú ẹ̀ níbàámu pẹ̀lú òfin ilẹ̀ wọn. Tó o bá rí irú gbólóhùn yẹn nínú àdéhùn, mọ̀ pé ó ti rẹ àwọn tó ń kọ ọ́, wọ́n fi ibi tó le jù sílẹ̀ de ọ̀la.

Má jẹ́ kó rò pé tiwọn nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ìwé Kírìjì 1886 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ní gbólóhùn kan nípa Modákẹ́kẹ́, pé kí wọ́n kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀ lọ tẹ̀dó síbòmíràn lọ́dọ̀ Ìbàdàn, sí àárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀bà. Ó dùn ún kọ. Modákẹ́kẹ́ ní àwọn ò lọ síbì kankan. Ìbàdàn kó kúrò ní bùdó Kírìjì, wọ́n dúró sí Ìkìrun torí Ìlọrin, Ògèdèngbé náà dúró sí Ìmẹ̀sí, ọdún méje tún kọjá kí kálukú tó lọ sílé. Ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ńkọ́? Ẹni tó bá wà ní Ifẹ̀ láti 1997 sí 2000 mọ ibi tó já sí, ilé tó jóná, yunifásítì tí ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọ láti jáde nínú ẹ̀. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí gbólóhùn kan ti ń wá ẹni tó máa mú un ṣẹ.

Aburi náà ńkọ́, ọjọ́ 4 àti 5 oṣù kìíní 1967? Gowon àti Ojukwu jókòó ní Ghana, wọ́n gbà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ bàálù padà, kálukú wá ń sọ ohun tóun gbọ́. Èkó sọ tiẹ̀, Enugu sọ tiẹ̀. Oṣù keje ọdún náà, ogun ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó o fi ń rí àwọn aṣojú tí wọ́n ń fi òru ọjọ́ kan jà lórí "àti" tàbí "tàbí" nínú ìwé, táwa tó ń wò wọ́n ń rò pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò.

Fún ọ̀rẹ́ ẹ lóúnjẹ, jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ kan, Ìjẹ̀bú-Òde: Tógun bá ti parí, ṣé iṣẹ́ wọn ti tán nìyẹn?

Ọ̀gá, ẹ̀yin gan-an lẹ ń bi mí, nígbà tí ọmọ ìlú yín wà níbẹ̀? Lásìkò ogun Biafra, Côte d'Ivoire wà lára àwọn tó gbà pé orílẹ̀-èdè ni Biafra, ní 1968. Kò ju ọdún méje lọ lẹ́yìn náà, ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 1975, Côte d'Ivoire àti Nàìjíríà jọ tọwọ́ bọ ìwé kan náà l'Ékòó, ìwé ECOWAS, ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Gowon àti Eyadéma ti Togo ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ bàálù kiri láti ìlú dé ìlú ní 1973, tó ń bẹ̀bẹ̀, tó ń ṣàlàyé, tó ń jókòó de mínísítà tí ò fẹ́ rí i, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Nàìjíríà ì bá di kùnrùngbùn sí àwọn tó ti Biafra lẹ́yìn títí dòní, kò sẹ́ni tó máa bá wa wí. Ó wá jẹ́ pé ọjà la ní ká jọ ná.

Ẹnì kan tí ò kọ ìlú ẹ̀: Ṣé Yorùbá náà ní ańbásádọ̀ kí Òyìnbó tó dé?

Ṣé ẹ ò gbọ́ nípa ìlàrí ni? Ààfin Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà, apá kan orí wọn ni wọ́n máa ń fá, bẹ́ ẹ bá ti rí orí yẹn lójú ọ̀nà, ẹ mọ̀ pé Aláàfin ló ń bọ̀, ẹ ò sì ní fọwọ́ kàn án. Orúkọ wọn pàápàá, iṣẹ́ ni. Ọ̀kan ń jẹ́ Mádàríkàn. Tí Mádàríkàn bá dé ìlú yín láti Ọ̀yọ́, kó tó yanu ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ní kó wá sọ.

Àrokò náà wà. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so pọ̀ tí wọ́n kọjú síra wọn, ọ̀rẹ́ ni, mo fẹ́ rí ẹ. Tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, ìjà dé nìyẹn, tún ara ẹ mú. Ẹyọ mẹ́fà, ẹ̀fà, ọkàn mi ń fà sọ́dọ̀ rẹ. Ẹni tó bá gba mẹ́fà tó sì fẹ́ gbà, mẹ́jọ ló máa fi dá a padà: ẹ̀jọ, a jọ rí bákan náà ni.

Arákùnrin tó fi ohùn oníṣẹ́jú mọ́kànlá ránṣẹ́, mo rò pé ẹyọ mẹ́fà ni kẹ́ ẹ wá ra fún ìyàwó yín.